Ìdí Tí Oyin Fi Ń Kó Kúrò Nínú Àpótí Wa

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Mo gbé àpótí oyin mẹ́rin sínú oko kòkó ọkọ mi tó wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Kí oṣù kìíní tó parí, oyin ti wọ méjì nínú wọn. Ọmọkùnrin kan tó ní òun mọ̀ nípa oyin bá wa gé afárá inú àpótí àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta, kò sì pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí gbogbo oyin inú rẹ̀ fi kó lọ. Èkejì, tí a kò tíì fọwọ́ kàn rárá, kó lọ ní oṣù kẹfà. Oyin ìgò mẹ́fà tí a rí gé bẹ̀rẹ̀ sí hó, ó sì kan, àwọn oníbàárà mi ní ọjà Àtàkúmọ̀sà dá a padà, wọ́n ní mo ti po ṣúgà mọ́ ọn. Àwọn kan ní ilẹ̀ oko náà ni kò gba oyin, àwọn mìíràn ní ayé ló ń lé wọn. Àbúrò mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà lọ lo ìsinmi ní erékùṣù Puerto Rico, ó sì fi fídíò ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi tó ń fi ọwọ́ lásán gbé afárá oyin lẹ́yìnkùlé rẹ̀, láìwọ ẹ̀wù, láìbo ojú. Ṣé a kò lè rí irú oyin tútù bẹ́ẹ̀ mú wá síbí? Àbí kí n kúkú pa iṣẹ́ náà tì?”

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí sin oyin létí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára bí èèyàn bá ṣí àpótí tó ń kùn yùnmùyùnmù lánàá, tí kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà náà: kí ló lé àwọn oyin lọ, kí ló mú kí oyin inú ìgò hó, àti bóyá oyin ilẹ̀ òkèèrè lè tán ìṣòro náà. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni méjì àkọ́kọ́, torí pé oyin tó hó nínú ìgò yẹn ni ẹlẹ́rìí tó sọ fún mi ohun tó lé oyin kúrò nínú àpótí àkọ́kọ́. Ti oyin òkèèrè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ló lè gba owó lọ́wọ́ yín lásán.

Oyin tí ẹ rí nínú fídíò yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1956, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Brazil kan tó ń jẹ́ Warwick Kerr kó àwọn ìyá oyin láti ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, nítorí pé oyin tí àwọn Òyìnbó ti kó dé ibẹ̀ láti Yúróòpù kò ṣe dáadáa nínú ooru. Ní ọdún 1957, agbo oyin 26 bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ wọ igbó. Wọ́n bá oyin Yúróòpù gùn, wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń tàn kálẹ̀, títí wọ́n fi wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1990. Ní 1994 ni wọ́n rí wọn ní Puerto Rico. Gbogbo ibi tí wọ́n gbà kọjá lórí ilẹ̀ ńlá ni wọ́n ti le koko, tí wọ́n sì ń ta èèyàn àti ẹran, ṣùgbọ́n lórí erékùṣù kékeré yẹn, láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n rọ̀ débi pé ẹni tó bá mọṣẹ́ lè fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n. Àlàyé tí àwọn tó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ṣe ni pé ilé kún erékùṣù náà bámúbámú, àwọn èèyàn sì ń pa agbo tó bá le nítòsí wọn, àwọn tó tutù nìkan ló ń kù láti bímọ. Òkun yí wọn ká, kò sì sí bí oyin líle mìíràn ṣe lè máa ti ibòmíràn fò wá bá wọn dàpọ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Ìyá oyin kì í gùn nínú ilé. Ó máa ń fò lọ sókè ni, akọ oyin tó lé ní mẹ́wàá, tí wọ́n ti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, ni yóò sì bá a gùn lójú òfuurufú, kó tó padà sílé láti máa yé ẹyin. Láti Èrìn-Ìjẹ̀ṣà dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àti gbogbo igbó tó yí Ifẹ̀wàrà ká, oyin wà nínú ihò igi àti pàlàpálá òkúta tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Bí ẹ bá ra ìyá oyin tó tutù bí omi àmù, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tí yóò gba ipò rẹ̀ yóò fò jáde lọ bá akọ oyin inú igbó wa, kò sì ní ju ìran méjì tàbí mẹ́ta lọ tí àpótí yín yóò fi padà di ti Ìjẹ̀ṣà pátápátá. Ẹ̀rù mìíràn tún wà tó ju ìyẹn lọ. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ Varroa, tó ń lẹ̀ mọ́ oyin àti ọmọ rẹ̀ lára, tí ó sì ń jẹ wọ́n láàyè, ti ara oyin ilẹ̀ Éṣíà bọ́ sára oyin tiwa yìí, ó sì ń bá agbo oyin tí àwọn èèyàn ń kó kiri rìn. Ní erékùṣù Oahu, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Hawaii, tí oyin ibẹ̀ ti wà láìní in látọdúnmọ́dún, wọ́n rí i ní 2007, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nítorí irú nǹkan báyìí ni ìjọba kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni kó kòkòrò alààyè wọ orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun ní oyin Òyìnbó tí kì í ta ni fún títà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yà oyin tó wà lọ́dọ̀ wa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, ìwà rẹ̀ ló sì yẹ kí a mọ̀ kí a tó dá a lẹ́bi. Oyin Yúróòpù mọ̀ pé òtútù ń bọ̀. Bí kò bá kó oyin jọ pelemọ, tí kò sì dúró ti ohun tó kó jọ, yóò kú kí ìgbà òtútù tó lọ. Tiwa kò mọ òtútù bẹ́ẹ̀. Òdòdó kan yóò máa yọ níbì kan, bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n ewu tó wà ní àyíká rẹ̀ pọ̀: iná ìgbẹ́ lọ́gbẹlẹ̀, ìjàlọ lásìkò òjò, àti ọmọ aráyé tó ń fi ògùṣọ̀ jó ilé rẹ̀ láti ayébáyé. Oyin tó bá dúró jà níbi tí ìjàlọ ti dé kì í ní ọmọ tí yóò rọ́pò rẹ̀, èyí tó bá gbéra lọ ni ìran rẹ̀ kù títí dòní. Nítorí náà, bí oyin wa bá rí i pé ilé kan kò dára mọ́, kíkó kúrò ni ọgbọ́n tó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn. Àwọn baba wa tó ń gbé ìkòkò sórí igi mọ̀ ọ́n. Wọn a jó o, wọn a gé afárá tán, oyin a sì lọ, ṣùgbọ́n igbó kún fún oyin nígbà náà, agbo mìíràn a sì tún wọ ìkòkò yẹn lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ń ka iye tó lọ. Nísinsìnyí tí igbó ti dín kù, tí èèyàn sì ń fi owó kan àpótí, a ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé tiwa burú ju tiwọn lọ.

Kí n tún ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Bí ilé bá kún, tí oúnjẹ sì pọ̀, ìyá oyin àtijọ́ yóò kó bí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ wá ilé tuntun, yóò sì fi ilé náà sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀. Pípínyà nìyẹn, ó ń fi hàn pé ara wọn le, oyin a sì ṣẹ́ kù nínú àpótí. Tiyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹ ní gbogbo wọn ló lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà kó lọ pátápátá, afárá tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń sọ èyí tó jẹ́. Bí ẹ bá ṣí àpótí tí ẹ rí i pé afárá gbẹ, tó mọ́, tí kò sí ẹyin, tí kò sí ìdin, tí kò sí oyin kankan, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń múra: ebi ń pa wọ́n, wọ́n dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, wọ́n lá èyí tó kù, wọ́n sì lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá òkú ọmọ nínú ihò afárá, tí oyin sì ṣẹ́ kù, nǹkan kan ló dé bá wọn lójijì, bí èèrà, tàbí oògùn, tàbí ọwọ́ èèyàn. Bí ẹ bá wá rí ìdin funfun tó ń tu òwú bo afárá, ẹ má ṣe rò pé òun ló lé wọn. Ọmọ àfòpiná kan tó ń jẹ ìda ni. Agbo oyin tó lágbára kì í gbà á láyè. Ilé tó ti dahoro tàbí tó ti rẹ̀yìn ló ń wọ̀.

Ó wá ku àpótí àkọ́kọ́. Omi òdòdó tí oyin ń gbé wálé ṣàn bí omi. Wọ́n á máa tú u láti ẹnu dé ẹnu, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ, títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ dé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí kí ó tún dín sí i. Ìgbà tó bá gbẹ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tó ń fi ìda dé ojú ihò afárá. Oyin tí a ti fi ìda dé yìí lè pẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgò tí a dé dáadáa. Èyí tí a kò tíì dé kò tíì jinná, bí a bá gé e, ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti inú oyin fúnra rẹ̀ yóò mú kí ó hó, kí ó sì kan. Oyin tiyín hó ní kíákíá, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé gbogbo afárá ni ọmọkùnrin yẹn gé: èyí tó jinná, èyí tí kò jinná, àti èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀, tó sì fún gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ bí ẹni ń fún ẹyìn. Omi ara ìdin yóò wà nínú rẹ̀. Oṣù kẹta tún jẹ́ ìparí ìgbà òdòdó lọ́dọ̀ wa. Àwọn oyin náà padà sí ilé tí kò sí ọmọ, tí kò sí oúnjẹ, tí kò sí afárá tí wọ́n lè tọ́jú nǹkan sí, òdòdó tí wọn yóò sì fi tún un kọ́ ti ń tán lọ. Kò sí ohun tó dá wọn dúró mọ́.

Bí ó ti yẹ kí a gé e nìyí. Lálẹ́ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ẹ̀fín díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn àpótí, níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, torí pé itòsí ẹnu ọ̀nà ni ìyá oyin sábà máa ń bímọ sí, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó oyin pamọ́ sí. Afárá tí wọ́n bá ti fi ìda dé lójú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìkan ni kí ẹ gé. Níbi tí ẹ bá ti rí ọmọ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Èmi máa ń fi ìlàjì oyin sílẹ̀ fún wọn, bí ó bá sì ti kọjá oṣù kejì, mo máa ń fi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí pé wọ́n ń rí oyin tí mo ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ló ń bá mi dọ́dún.

Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn ìbú àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tó wà lórí àpótí, àwọn tí oyin ń so afárá mọ́. Fún oyin tiwa, mìlímítà 32 ni ó yẹ kí ìbú ọ̀pá kan jẹ́, ìwọ̀n tí wọ́n lò nígbà tí wọ́n gbé àpótí onírú èyí jáde ní Kẹ́ńyà láàárín ọdún 1970 sí 1980 nìyẹn. Oyin Yúróòpù sanra ju tiwa lọ, ọ̀pá tirẹ̀ sì máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Káfíńtà tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Òyìnbó kan àpótí yóò kàn án fẹ̀ jù, oyin yóò wá so afárá kan mọ́ ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta, débi pé èèyàn kò ní lè gbé ọ̀kan jáde láìfa mẹ́ta ya. Àpótí mẹ́fà àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn fún mi rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá wọn jẹ́ mìlímítà 38. N kò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀, mo sì pàdánù agbo mẹ́ta kí àgbàlagbà kan tó ń sin oyin lọ́nà Òṣú tó fi rúlà hàn mí. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọkùnrin yẹn má tilẹ̀ rí ọ̀nà gé afárá ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó má jẹ́ ojúkòkòrò ló ṣe é.

Àpótí kejì, tó lọ ní oṣù kẹfà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ebi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oko kòkó jẹ́ ilé oúnjẹ fún oyin, nítorí pé òdòdó ń yọ lára igi kòkó lọ́pọ̀ yanturu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òdòdó kòkó kéré, ó sì ṣòro wọ̀, kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan tó ń hù nínú ewé jíjẹrà ló ń bá a gbé àtíkè rẹ̀ kiri tó fi ń so. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oyin yóò sọ kòkó yín di ìlọ́po méjì kò sọ òótọ́. Àtíkè ọ̀pẹ, òdòdó ọsàn, máńgòrò, kaṣú, àgúnmániyè, àti ewé tí àwọn èèyàn ń pè ní Akíntọ́lá-tàkú, tó ń tanná funfun kárí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti bí oṣù kọkànlá, ni oyin ń jẹ lágbègbè yín. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní oṣù kẹfà àti ìkeje, òdòdó dín kù, òjò sì ń fọ omi dídùn inú èyí tó yọ dànù, oyin kò sì ní lè jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Agbo tó bá kéré kò ní lè là á já. Ní irú àkókò yìí, ẹ lè po kílò ṣúgà kan mọ́ lítà omi gbígbóná kan, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ gbé e sínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́ nínú abọ́ tí ẹ kó igi wẹ́wẹ́ sí, kí wọ́n má bàa kú sómi. Àwọn kan ka èyí sí màgòmágó. Mi ò kà á sí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti dáwọ́ rẹ̀ dúró kí ìgbà òdòdó tó dé, tí ẹ kò sì gé oyin kankan lásìkò tí ẹ ń fún wọn ní ṣúgà.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà náà ni àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń fín oògùn sí kòkó tó ń dúdú, àwọn kan a sì po oògùn kòkòrò mọ́ ọn kí wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó ń pa kòkòrò ara kòkó yóò pa oyin náà. Bí ẹ bá bá òkú oyin nílẹ̀ níwájú àpótí, tí ahọ́n wọn yọ síta, oògùn ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dé èyí, mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn tó ní ayé ló ń lé oyin yín, torí pé èèyàn lè lé oyin lọ lóòótọ́, láìmọ̀ tàbí ní mímọ̀ọ́mọ̀. Ẹ lọ bá àwọn alábàágbépọ̀ oko yín, ẹ fún wọn ní oyin lá nígbà tí ẹ bá rí gé, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa sọ fún yín bí ó bá ku ọ̀la tí wọn yóò fín oògùn, kí wọ́n sì máa fín in ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin bá ti wọlé. Ti ilẹ̀ tí kò gba oyin ni mi ò rí rí. Oyin wọ àpótí méjì nínú mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́ta lórí ilẹ̀ yẹn, mo sì mọ ẹni tó dúró ọdún méjì kí ọ̀kan tó wọlé.

Àbò tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé àpótí sórí ẹsẹ̀ tó ga tó mítà kan, kí ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí ẹ da òróró ẹ́ńjìnì tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán sí, kí èèrà àti ìjàlọ má lè gùn ún, kí ẹ sì máa gé koríko tó bá fẹ́ fara kàn án. Abẹ́ kòkó tó ṣú dùdù kò dára lásìkò òjò. Etí oko, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án, tí òjìji sì ń bò ó lọ́sàn-án, ló yẹ.

Nípa pé kí ẹ máa fi ọwọ́ lásán gbé afárá bíi ti ọkùnrin inú fídíò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Bí oyin wa kan bá ta ni, òórùn kan á jáde tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, òórùn yẹn ló ń pe àwọn yòókù wá jà. Ẹ̀wù tó bo ara, ìbojú, ìbọ̀wọ́, àti agolo ẹ̀fín tí ẹ fi háhá àgbàdo gbígbẹ sí kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ fi èékánná gbá ẹnu oró tó bá kù lára dànù ní kíá, torí pé ó ṣì ń tú oró sára lẹ́yìn tí oyin ti lọ. Àpótí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé tàbí ojú ọ̀nà tó igba mítà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀. Bí oyin bá ta ẹnikẹ́ni tí ojú àti ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró fi àgbo wò ó.

Sí àwọn oníbàárà yín, ẹ lè fi ẹnu ara yín sọ pé kì í ṣe ṣúgà, pé oyin tí kò jinná ni, kí ẹ sì dá owó wọn padà. Ìṣáná tí wọ́n ń ṣá, tàbí pé èèrà kò jẹ ẹ́, kò fi ojúlówó hàn. Oyin tó dì náà kì í ṣe ayédèrú. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, bó ti wù kó dára tó, nítorí àrùn kan tó lè tinú rẹ̀ wọ ọmọ lára.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ pa iṣẹ́ náà tì. Bí ó bá jẹ́ pé owó kíákíá ni ẹ ń wá, mo rò pé kí ẹ tà á, torí pé àpótí tó ṣe dáadáa lọ́dọ̀ mi kì í fún mi ju kílò 8 sí 15 lọ lọ́dún, ọdún àkọ́kọ́ sì lè lọ lófo. Àwọn kan yóò ní kí ẹ ra agbo tó ti wà nínú àpótí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, owó rẹ̀ wọ́n, ọ̀kan sì kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí a gbé e dé. Ohun tí èmi yóò ṣe, bí mo bá wà ní ipò yín, ni pé kí n fi méjì sí etí oko kòkó, kí n wá ibi tí ọsàn tàbí máńgòrò wà fún méjì yòókù, kí n sì dúró de agbo tó ń fò kiri láti oṣù kẹwàá. Mi ò lè ṣèlérí pé wọn kò ní lọ mọ́. Nínú agbo méjìlá tí mo ní lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta kó lọ, ọ̀kan nínú wọn sì wà níbi tí mo gbà pé ó dára jù lọ nínú oko mi. Mo wo afárá rẹ̀ síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìdí kankan. Mi ò sì tíì fojú rí àpótí tiyín. Ohun tí ẹ kọ ni mo fi ń ro gbogbo èyí.

Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ẹ ha inú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi iná ewé gbígbẹ rà á díẹ̀ kí ẹyin àfòpiná lè jóná, kí ẹ fi ìda oyin pa abẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ewé tíì tútù nu ẹnu ọ̀nà, torí òórùn rẹ̀ jọ èyí tí oyin fi ń pe ara wọn wálé. Ọ̀pá tó bá fẹ̀ ju mìlímítà 32 lọ, kí káfíńtà fá a kù. Bí oyin bá ti wọlé, ẹ máa wò ó láti òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ẹ má ṣí i. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ oyin fi ń kúrò ní ẹyin di oyin tó ní ìyẹ́, ó sì yẹ kí àwọn tí wọ́n bí sínú àpótí yẹn ti máa jáde lọ wá òdòdó, kí wọ́n sì ti máa padà sí i gẹ́gẹ́ bí ilé tí wọ́n mọ̀, kí ẹ tó fi ẹ̀fín kàn án lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́.